Bí Wáìfáì Ilé Rẹ Kò Ṣe Ní Dáa Láéláé: Ìwé Ìlànà fún Òmùgọ̀

Ọlọ́gbọ́n kò nílò ìwé yìí. Ọlọ́gbọ́n ti lọ wo ibi tí ráútà rẹ̀ wà, ó ti gbé e kúrò níbẹ̀, ó sì ti jókòó ti bọ́ọ̀lù tó ń wò. Ìwọ ni mo ń bá wí: ìwọ tí o ń ra dátà olówó gọbọi lóṣooṣù, síbẹ̀ tó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn lo ti ń wo fídíò. Ìwọ tí o mọ̀ pé igun kan wà nínú yàrá rẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi èjìká ọ̀tún ti ògiri níbẹ̀, tó na fóònù sókè díẹ̀, WhatsApp á wọlé. O kò béèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àga lo gbé lọ síbẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́ ọlọ́gbọ́n ti pọ̀ jù. Òmùgọ̀ ni kò rí olùkọ́. Mo ti gbà láti ṣe é. Tẹ̀lé ìlànà mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ yìí láìyẹsẹ̀, Wáìfáì ilé rẹ á sì burú débi pé àwọn ọmọ rẹ á máa lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn lópin ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn á sì máa rò pé òun ni wọ́n fẹ́ràn.

Ìlànà Kìíní: Fi ráútà pamọ́

Ráútà kò rẹwà. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, wáyà ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì bá kọ́tìnnì mu. Má jẹ́ kí àlejò rí i. Gbé e sínú rúùmù-difáídà tí ẹ rà nígbà ìgbéyàwó, sẹ́yìn àwọn abọ́ tánganran tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí, láàrin fọ́tò ìkómọ àti ife-ẹ̀yẹ tí àkọ́bí yín gbà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní rúùmù-difáídà, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà dára, nítorí pé irin àti wáyà tó wà níbẹ̀ á dí ìgbì rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bá ti kún, abẹ́ àga tìmùtìmù ṣì wà, níbi tí ìgbálẹ̀ kì í dé.

Lẹ́yìn èyí, daṣọ bò ó. Eruku ọyẹ́ kì í ṣeré, ẹ sì ní aṣọ orí tábìlì tí ìyá ìyàwó rẹ fọwọ́ hun. Aṣọ náà kò lè dí ìgbì. Ooru ni yóò dí. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ráútà ni ooru ń gbà jáde. Bí o bá ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbóná, á máa falẹ̀, á máa kú lójijì, á tún jí. Ìgbàkígbà tó bá kú, bú ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún ọ.

Ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe nìyí, kí o lè yẹra fún un. Ó ń gbé ráútà sí àárín ilé, ní gbangba, níbi tó ga ju orí ẹni tó jókòó lọ. Ó mọ̀ pé rédíò ni ráútà, pé yíká-yíká ni ìgbì rẹ̀ ń tàn lọ. Bí o bá gbé e sí igun ilé lẹ́bàá fèrèsé, èyí tó pọ̀ nínú ohun tí o sanwó fún á gba ojú fèrèsé jáde lọ sí ọgbà aládùúgbò. Ìwọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní tìrẹ. Sàráà ni.

Ìlànà Kejì: Kó ìdènà sáàrin

Ìgbì Wáìfáì lè la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n kì í là á kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Pákó àti ilẹ̀kùn onígi kì í gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń gba tirẹ̀. Dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n to irin sí kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kó kọjá, ńṣe ló ń dá a padà. Omi sì ń fà á mu. Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, o ti lè to ilé rẹ.

Jẹ́ kí ráútà wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ibẹ̀ ló yá ọmọ iṣẹ́ tó wá fa wáyà jù lọ lọ́jọ́ náà. Kí yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè, ní òdìkejì ilé. Gbé fíríìjì sáàrin méjèèjì. Gbé dígí gogoro tí ìyàwó rẹ fi ń wo gèlè rẹ̀ sára ògiri tó kù: ẹ̀yìn dígí ni wọ́n fi èròjà irin kùn, òun náà sì mọ ìgbì í dá padà. Ti omi kò le. Ilé tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ kì í ṣaláìní dúrọ́ọ̀mù. To dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta sí ìdí ògiri tó wà láàrin ìwọ àti ráútà, kí o pọnmi kún wọn dé ẹnu. Ilẹ̀kùn onírin tí ẹ ṣe sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn nítorí olè, máa tì í tọ̀sán-tòru. Olè kò ní gòkè, Wáìfáì náà kò ní gòkè.

Lẹ́yìn náà, jìnnà. Bí o bá rìn jìnnà sí ráútà ní ìlọ́po méjì, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ kì í ṣe ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ògiri kankan láàrin yín.

Áàpù ọ̀fẹ́ wà fún fóònù Android tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ìgbì ṣe lágbára tó níbi tí o dúró sí. Nọ́ńbà náà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Bí o bá rí -50, ó dára gan-an. Ní -67, fídíò ṣì lè lọ geere. Bó bá ti di -80, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Òmùgọ̀ tó pegedé á wo -80, á rántí pé 80 ju 50 lọ, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìlànà Kẹta: Dojú ìwo rẹ̀ kọ yàrá

Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àtìgbà náà ni ìran wa ti ń yí áńtẹ́nà. Ẹni tó bá dàgbà kí sátẹ́láìtì tó dé mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹnì kan á wà níta nídìí igi ọparun, ẹnì kan á yọrí lójú fèrèsé, bàbá á jókòó níwájú àwòrán tó ń ta wínníwínní.

"Ṣé ó ti mọ́?"

"Rárá o, bàbá ní kò tíì mọ́."

"Báyìí ń kọ́?"

"Ó ti mọ́! Ó ti mọ́! Dúró bẹ́ẹ̀! Háà, o ti gbé e kọjá. Dá a padà!"

Nígbà tó bá wá mọ́ tán, ẹni tó wà nídìí ọparun kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀ títí ìròyìn á fi parí.

Ogún yìí ni kí o fi tọ́jú ráútà. Mú ìwo rẹ̀ méjèèjì, dojú ṣóńṣó wọn kọ yàrá tí ọmọ rẹ ti ń kàwé fún ìdánwò JAMB, kí o máa lọgun bi í bóyá ó ti wọlé. Kò ní wọlé, ìdí sì wà. Ẹ̀gbẹ́ ìwo ni ìgbì ń gbà jáde, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú lè rí ìgbì ni, o máa rí i pé ó ká ìwo mọ́ àárín bí òṣùká ńlá, tí ìwo sì gba inú ihò òṣùká yẹn kọjá. Ibi tí ṣóńṣó kọjú sí gan-an ni ihò náà wà. Ibẹ̀ ni o ní kí ọmọ jókòó sí.

Bí ìwo bá dúró ṣánṣán, ìgbì á tẹ́ pẹrẹsẹ kárí ilé ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọlọ́gbọ́n á dá ìwo kan dúró, á tẹ́ èkejì sílẹ̀ gbọọrọ, kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè rí tiwọn gbà. Ráútà tí kò ní ìwo lóde ní in nínú, ìwé tó bá a wá sì ti sọ bó ṣe yẹ kó dúró. Ìwé yẹn ni o fi di ẹ̀pà.

Ìlànà Kẹrin: Má ya ojú ọ̀nà méjì sọ́tọ̀

Ráútà ìgbàlódé sábà máa ń ní ojú ọ̀nà méjì: 2.4 GHz àti 5 GHz. Èyí àkọ́kọ́ ń lọ jìnnà, ó sì ń la ògiri dáadáa, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yára, èrò sì pọ̀ lójú rẹ̀. Èkejì ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù bíi méjì lè mú kó rẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù, orúkọ Wáìfáì rẹ lè hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan ní "5G" lẹ́yìn. Òmùgọ̀ á rò pé 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2022 ló wọlé tọ òun wá yẹn. Wọn kò bá ara wọn tan. Ti MTN jẹ́ ìran karùn-ún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, láti orí máàsìtì. Ti inú ilé rẹ jẹ́ 5 GHz, láti ara ráútà. Ṣùgbọ́n ìwọ á yọ̀ mọ́ ọn, á sì wá di pé láti kìṣíìnì ẹ̀yìnkùlé ni o ti ń fipá so fóònù mọ́ ọn. Tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú ráútà, tó yẹ kó wà lórí 5 GHz, so ó mọ́ 2.4. Bí o bá ti ṣe é lódì báyìí, kò sẹ́ni tí yóò gbádùn.

Máíkírówéèfù tún wà nílẹ̀ láti ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìtòsí 2.45 GHz ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba tó ń jò lára rẹ̀ kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ ó tó láti da Wáìfáì tó wà lórí 2.4 rú. Dúró di ìgbà tí ọ̀gá rẹ bá pe orúkọ rẹ nínú ìpàdé Zoom, kí o tó gbé ẹ̀fọ́ rírò ìjẹta sínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ inú fúláàtì ni o ń gbé, ní Sùúrùlérè tàbí Bódìjà, ṣí Wáìfáì lórí fóònù kí o ka orúkọ tó bá jáde. Ti ayálégbé òkè, ti ìsàlẹ̀, ti ilé kejì, gbogbo wọn ló ń pín ojú ọ̀nà 2.4 yìí. Ó ní àwọn ṣánẹ́lì, mẹ́ta tí kì í gun ara wọn nínú wọn ni 1, 6 àti 11. Ọlọ́gbọ́n á wo èyí tí èrò kò pọ̀ sí, á lọ síbẹ̀. Ìwọ mú 3, kí o lè máa dá àwọn ará 1 àti àwọn ará 6 láàmú papọ̀, kí àwọn náà sì máa dá ọ láàmú. Bí ayálégbé ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn.

Ìlànà Karùn-ún: Lawọ́

Àlejò òde òní kì í béèrè omi mọ́. Kó tó bọ́ bàtà ló ti ń béèrè páásíwọọ̀dù. Ahun kò dára, fún un. Fún àwọn ọmọ rẹ̀ náà. Fi 12345678 ṣe páásíwọọ̀dù, nítorí pé ráútà kì í gba èyí tí kò bá pé mẹ́jọ, o kò sì fẹ́ yọ ara rẹ lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ ọ́ sára ògiri lẹ́bàá súwíìṣì. Kó tó di ìparí oṣù, mẹ́gáàdì á ti mọ̀ ọ́n, aránṣọ iwájú ilé á ti mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó sórí gọ́tà ní ìrọ̀lẹ́ á ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ohun tí kò hàn sí ọ ni pé lórí ṣánẹ́lì kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù ń tò. Èyí tó sì jìnnà jù ló ń pẹ́ jù lẹ́nu ìlà, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń tún un sọ fún un léraléra. Báyìí ni fóònù aránṣọ tó wà lójú títì ṣe lè mú tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú ráútà rẹ dúró. Fi ti inú ilé kún un: ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òwàǹbẹ̀ dé, fóònù rẹ̀ ti ń fi gbogbo fídíò ijó ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ ń gba àtúnṣe Windows, kámẹ́rà ẹnu géètì ń rán àwòrán géètì tó tì pa lọ sókè òkun ní gbogbo ìṣẹ́jú.

Bí ọ̀kan nínú àwọn ará orí gọ́tà bá sì fi Wáìfáì rẹ lu ẹnì kan ní jìbìtì, orúkọ ẹni tó ra ìlà náà ni EFCC máa kọ́kọ́ rí. Èèyàn dáadáa ni ọ́, wàá ṣàlàyé. Àwọn tí kò lawọ́ tó ọ ń lo páásíwọọ̀dù gígùn, wọ́n ń lo ààbò WPA2 tàbí WPA3, wọ́n sì ń ṣí Wáìfáì àlejò sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ráútà ló ní in láìgba owó kún owó. Páásíwọọ̀dù àlejò ni wọ́n ń fún àlejò. Tí àlejò bá lọ, wọ́n á pa á.

Ìlànà Kẹfà: Má wádìí ibi tí àìsàn wà

Ìrìn méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn kó tó dé ọwọ́ rẹ. Àkọ́kọ́, láti òde wá sínú ráútà. Ìkejì, láti ara ráútà dé fóònù. Àmì Wáìfáì tó kún fọ́fọ́ lórí fóònù, ìrìn kejì nìkan ló ń jẹ́rìí sí. Kò mọ nǹkankan nípa ti àkọ́kọ́. Nítorí náà ni o fi ń pariwo pé, "Ó kún, kò sì lọ!" Bẹ́ẹ̀ ni, ó kún. Ráútà rẹ ń bá fóònù rẹ sọ̀rọ̀ ketekete. Kò kàn rí nǹkan gbọ́ láti òde tó lè sọ fún un ni.

Ìdánwò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọdọ̀ ṣe é. Àwọn ọlọ́gbọ́n á dúró síwájú ráútà gan-an, wọ́n á ṣí fast.com tó ń wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sílẹ̀. Wọ́n á gbé fóònù lọ sí yàrá tó ń fa wàhálà, wọ́n á tún un ṣe. Bó bá dára níwájú ráútà, tó wá burú ní yàrá, inú ilé ni àìsàn wà. Bó bá burú níbi méjèèjì, òde ni. Nọ́ńbà náà sì nìyí: Mbps ni, kì í ṣe MB. Mẹ́jọ lára rẹ̀ ló ń ṣe MB kan, nítorí náà 40 Mbps ń gbé MB 5 wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òmùgọ̀ á ní wọ́n ti yọ 35 jẹ nínú tòun.

Bó bá jẹ́ òde, ó lè jẹ́ pé dátà ti tán: tẹ *323# kí o mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé o ra èyí tí wọ́n ní kò lópin, tó jẹ́ pé bí o bá ti lò ó dé ìwọ̀n kan, wọ́n á dín eré rẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú àdéhùn tí o fi ìka tẹ̀ láìkà. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ju ilé rẹ lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká dàrú, àwọn áàpù báńkì kan kò ṣí. Ọjọ́ ńlá lọ́jọ́ náà fún ẹgbẹ́ àwa òmùgọ̀: gbogbo wa la fi ìrọ̀lẹ́ pa ráútà, tan ráútà.

Ráútà onísíìmù wá ní ọ̀ràn tirẹ̀. Òun ló ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti orí máàsìtì, òun náà ló ń pín in fún ilé. Bí o bá gbé e sí àárín ilé, ó lè má gbọ́ ohùn máàsìtì mọ́. Ọlọ́gbọ́n á gbé e síbi fèrèsé tó kọjú sí máàsìtì, lókè bó bá ṣeé ṣe, á máa wo iná tó ń fi agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn lára rẹ̀. Bí yàrá kan kò bá wá rí Wáìfáì gbà láti ibẹ̀, á fa wáyà láti ara rẹ̀ wá sí ráútà mìíràn láàrin ilé. Ìwọ ti gbé tìrẹ sínú rúùmù-difáídà. Jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ìlànà Keje: Náwó kí o tó ronú

Àwọn àgbà máa ń bú ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ní ti Wáìfáì, iṣẹ́ tó yẹ ọ́ gan-an nìyẹn. Ohun tí kò náni lówó kì í ṣe oògùn gidi; nítorí náà, ra nǹkan.

Ra ẹ̀rọ afikún tó ń gba Wáìfáì tó tún un pín. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni ibi tí o gbé e sí. Gbé e sí inú yàrá tí Wáìfáì kò dé rárá. Ohun tí kò gbọ́ ni kó máa tún sọ. Ọlọ́gbọ́n ń gbé e sí àárín méjì ọ̀nà, níbi tí ìgbì ṣì ti lágbára. Ó sì mọ̀ pé èyí tó ní rédíò kan ṣoṣo á dín eré kù tó ìdajì, torí pé rédíò kan náà ló fi ń gbọ́, tó tún fi ń sọ. Ra sítíkà tí wọ́n ní ó ń fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbára, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Kò ní ṣe nǹkankan, ṣùgbọ́n ó ń dán.

Bí owó bá ṣì kù, ra Starlink, tó ti ń tajà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2023. Gbé àwo rẹ̀ sórí òrùlé, kó máa bá sátẹ́láìtì tó wà lókè ọ̀run sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà, kí o wá gbé ráútà rẹ̀ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kan náà. Láti ojú ọ̀run dé orí páànù, ó dé geere. Láti pálọ̀ dé yàrá ni kò dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o sá fún jù ni wáyà. Wáyà Cat6 lásán ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì rìn dé mítà 100 láìrẹ̀. Ògiri kò kàn án, dúrọ́ọ̀mù kò kàn án, máíkírówéèfù kò kàn án. Ẹni tó bá fà á láti ara ráútà lọ sí tẹlifíṣọ̀n àti sí kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, ó ti bọ́ nínú gbogbo wàhálà wọ̀nyí, fóònù á sì rí ààyè mí. Àwọn tó bá lówó, tí ilé wọn tóbi, ń ra ráútà mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan, wọ́n sì ń fi wáyà so wọ́n pọ̀. Sọ pé wáyà ba ẹwà ilé jẹ́.

Ìlànà Kẹjọ: Fi píìnì gèlè wò ó sàn

Ẹ̀yìn ráútà ní ihò kékeré kan tí wọ́n kọ RESET sí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé o máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì dá ihò náà kéré kí ìka rẹ má baà wọ̀ ọ́. Wọn kò mọ̀ pé píìnì gèlè wà nílé. Tì í bọ̀ ọ́, tẹ̀ ẹ́, kí o kà dé mẹ́wàá. Orúkọ Wáìfáì á parẹ́, páásíwọọ̀dù á parẹ́, gbogbo ètò tí ọmọ iṣẹ́ fi sí i lọ́jọ́ tó wá á parẹ́. Ráútà á padà sí bó ṣe rí nínú páálí, ìwọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà tí orin ti ń kọ létí ẹni. Àwọn kan máa ń pa ráútà láti ibi súwíìṣì, wọ́n á dúró fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, wọ́n á tún un tàn, ó sì sábà máa ń tó. Àwọn yẹn kò ní sùúrù láti jìyà.

Ti iná ń kọ́? Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, ráútà á kú. Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbé e, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí Nẹ́pà bá dá a padà, á tún kú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́jà tó ń tọ́jú iná fún ráútà nìkan, kó má baà kú láàrin. Bí o bá fẹ́ rà á, má wo ara ṣájà. Ọ̀pọ̀ ráútà ń lo fóòtì 12, àwọn kan ń lo 9, àwọn kan 5. Fi 12 fún èyí tó ń lo 5, o sì máa gbóòórùn èsì rẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́ nínú ẹgbẹ́

Mo mọ̀ pé ọ̀kan á wà nínú yín tí kò ní lè fara dà á. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nìyí. Kọ́kọ́ lọ dúró síwájú ráútà kí o wọn eré rẹ̀, kí o mọ̀ bóyá òde ni tàbí inú ilé. Bó bá jẹ́ òde, ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún ọ ni kí o bá wí, kí o má ra ohunkóhun. Bó bá jẹ́ inú ilé, gbé ráútà jáde kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, gbé e sókè ní àárín ilé (àyàfi bó bá jẹ́ onísíìmù, tí ojú fèrèsé yẹ), dá ìwo rẹ̀ dúró, kí o tún un wọ̀n ní yàrá. Yí páásíwọọ̀dù padà, so ohun tó bá sún mọ́ ọn mọ́ 5 GHz, so ohun tó bá jìnnà mọ́ 2.4. Èyí tí kì í kúrò lójú kan, fa wáyà sí i. Tí yàrá kan bá ṣì ṣòro lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà yẹn ni kí o tó mú owó jáde.

Ìdí kan ṣoṣo tí òmùgọ̀ kò fi ní tẹ̀lé e ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Òmùgọ̀ kì í gbà pé ọ̀fẹ́ lè wo nǹkan sàn, bẹ́ẹ̀ ibi tí ráútà jókòó sí ló ń ba Wáìfáì jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe ráútà.